Ọmọ tó mọ̀wé, tí máàkì rẹ̀ kò kọjá mẹ́ta: àkọsílẹ̀ lórí ìbéèrè ìgbéléwọ̀n nínú ìdánwò eré ìdárayá

Ìbéèrè onímáàkì mẹ́sàn-án ni: kí ọmọ gbé ìgbaradì àìdúró àti ìgbaradì asáré-sinmi léwọ̀n fún ẹni tó ń gbá netball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó dáhùn rẹ̀ kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú ohun tó kọ tí èèyàn lè pè ní irọ́. Ó ṣàlàyé ìgbaradì àìdúró: kí èèyàn máa sáré, kó máa wẹ̀ tàbí kó máa gun kẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán láìsinmi, kí ìlù ọkàn sì wà láàárín 60% sí 80% ibi tó lè ga dé. Ó ṣàlàyé ìgbaradì asáré-sinmi pẹ̀lú: kí èèyàn ṣe kankan fún ìgbà díẹ̀, kó sinmi, kó tún ṣe kankan. Ó tilẹ̀ ṣírò bí ìlù ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe lè ga tó, 220 yọ 16, ó kù 204. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fi gbólóhùn kan dí i: "Nítorí náà, méjèèjì ló dára fún ẹni tó ń gbá netball."

Máàkì mẹ́ta ni olùkọ́ rẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la wà, níbi tí èmi àti àwọn olùkọ́ mélòó kan ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́rìndínlógún máa ń ṣe ní Ẹ́ńgílándì, lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí ọmọ yìí kọ? Gbogbo òru ló fi ń kàwé." Ohun tó ń dùn ún yé mi. Ọ̀pọ̀ òbí wa nílùú yìí ṣì gbà pé fífò àti sísá lásán ni eré ìdárayá, pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá kò lè féèlì rẹ̀. Ọmọ yìí gan-an ló ń gbá ipò Centre, ìyẹn ipò àárín pápá netball, fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá dáadáa.

Fún ẹni tí kò mọ bí ìdánwò náà ṣe rí: láti ọdún 2018 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú èyí tó ń lo grade 9 sí 1 (9 ló ga jù) fún ẹ̀kọ́ yìí ní Ẹ́ńgílándì, 60% máàkì ló wà nínú ìwé kíkọ, 40% sì wà fún ohun tí ọmọ bá ṣe lórí pápá àti ìtúpalẹ̀ rẹ̀. Nínú 60% ti ìwé kíkọ yẹn, 25 jẹ́ ti ìmọ̀, 20 jẹ́ ti kí ọmọ lo ìmọ̀ náà sí eré kan pàtó, 15 yòókù sì jẹ́ ti ìtúpalẹ̀ àti ìdájọ́. Bí a bá pín in dáadáa, ìdámẹ́rin máàkì ìwé ni ọmọ tí kò bá lè dájọ́ ti ń fi sílẹ̀ kó tó jókòó. AQA, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò náà, ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yìí ń lò. Ìwé méjì ni, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì 78. Bí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Evaluate, ìyẹn "ṣe ìgbéléwọ̀n", ohun tí AQA fẹ́ ni kí ọmọ fi ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ṣèdájọ́. Ẹni tó ń máàkì kì í ka kókó ní oókan eéjì nínú ìdáhùn onímáàkì mẹ́sàn-án. Ó máa ń ka gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ó sì máa pinnu ìpele tó bọ́ sí: 1 sí 3, 4 sí 6, tàbí 7 sí 9. Ọmọ lè kó kókó ogún jọ kó má kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀.

Kí ìyá tó wá bá mi ni wọ́n ti gbìyànjú nílé. Wọ́n ra ìwé àtúnkà kejì. Ọmọ náà gé káàdì, ó kọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀kọ́ náà sí i, ó sì há wọn sórí: agbára, ìyára, ìfaradà iṣan, ìfaradà ọkàn òun ẹ̀dọ̀fóró, bí oríkèé ṣe rọ̀ tó, àti àwọn yòókù. Nígbà tó tún ṣe ìdánwò àṣedánwò, ìdáhùn rẹ̀ gùn sí i, máàkì rẹ̀ kò sì yí padà. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni àkókò. Máàkì 78 nínú ìṣẹ́jú 75, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ máàkì kan sí ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè onímáàkì mẹ́sàn-án kò yẹ kó gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Ọmọ yìí lo ìlọ́po méjì rẹ̀, ó wá fi ìbéèrè kéékèèké tó mọ̀ bí ẹni mowó sílẹ̀ láìdáhùn. Ìmọ̀ tuntun tó kó jọ ló wá ń gba máàkì mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ọmọ tó ń kàwé jù ni, a kì í sì í tètè rí àìsàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ á wo ìwé, á rí i pé ó kún, á ní kó tún kà sí i.

Ilé ẹ̀kọ́ náà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fún gbogbo kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mẹ́rin tí wọ́n á máa tẹ̀ lé: sọ kókó kan, fún un ní àpẹẹrẹ láti inú eré kan, kọ "Àmọ́" kí o sọ àléébù rẹ̀, kí o sì kọ "Ní ìparí". Mi ò bú wọn. Ọmọ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nílò òpó tó máa dì mú, ti ọmọ yìí náà sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: ó gba mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó gba márùn-ún. Ó wá dúró síbẹ̀. Mo to àwọn ìdáhùn ìgbà yẹn síwájú mi, mo rí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo "Àmọ́", àléébù kan ló wà níbẹ̀ tí kò ní ìwúwo: "Àmọ́, ìgbaradì àìdúró lè sú èèyàn." Ó lè sú ta ni? Ṣé ó sú u tó láti má ṣe é? Ṣé asáré-sinmi kò lè dá èèyàn lágara ju bẹ́ẹ̀ lọ? Kò sí ẹni tó bi í, òun náà kò sì bi ara rẹ̀. Àǹfààní mẹ́ta lápá kan, àléébù méjì lápá kejì, "Ní ìparí, méjèèjì ló ṣe pàtàkì." Ẹni tó ń máàkì irú ìwé bẹ́ẹ̀ á rí i pé ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ sí ojú méjèèjì ìwọ̀n, kò sì wo ibi tí ìwọ̀n náà tẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kò sí lórí ìwé rárá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ká ní ìwọ ni kóòṣì. Ọmọ tó ń gbá Centre wà níwájú rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan péré ló sì ráyè lọ́sẹ̀. Èwo lo máa fún un ṣe?"

"Méjèèjì."

"Ọjọ́ kan péré ló ní."

Ó dákẹ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Asáré-sinmi."

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, pápá netball ò ju 30.5 mítà lọ ní gígùn. Ibo lèèyàn fẹ́ máa sáré lọ fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró? Èèyàn á sáré bíi mítà márùn-ún, á dúró, á yí padà, á tún sáré. Bọ́ọ̀lù ò sì gbọdọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ."

Nínú gbogbo ojú ìwé tó ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, 30.5 mítà yẹn kò sí níbẹ̀. Kò sí lórí káàdì kankan. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì mọ̀ pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ń wá.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó sítòsí, tí òun náà ń ṣe ìdánwò kan náà, kò lè mú un mọ́ra. "Kọ́tà mẹ́rin ni o, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí kan gbáko! Centre nìkan ló ń dé apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pápá, àfi inú ààbọ̀ òbìrìkìtì ibi góòlù méjèèjì ni kò lè wọ̀. Ó máa rẹ̀ ẹ́ kó tó dé kọ́tà kẹta."

"Ó máa rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ wo? Àárẹ̀ pé mo sáré tán, mi ò wá lè sáré mọ́ ni. Bí mo bá sáré mítà mẹ́wàá, tí mo sinmi díẹ̀, tí mo tún sáré, ara mi á mọ bó ṣe ń tètè padà bọ̀ sípò."

"Ẹni tí kò tíì sáré rí ńkọ́?"

Ó rò ó. "Ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àìdúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asáré-sinmi á ṣe é léṣe."

Ohun tí a ń wá ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó mú ọ̀kan, ó sọ ìdí tó bá eré náà mu, ó gbọ́ àtakò tó lágbára, kò sá fún un, ó sì sọ ìgbà tí ìdájọ́ òun kò ní dúró mọ́. Ìbéèrè tó fipá mú un ni ọjọ́ kan péré yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá lè ní méjèèjì, kò sí ìdí tí yóò fi yàn. Ìdánwò kì í sọ fún ọmọ pé àkókò kò tó, pé owó kò tó, pé ara ń rẹ eléré. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ́n yẹn sínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó lè rí ohun tó máa dá lẹ́jọ́.

Mo dá bírò padà fún un, mo ní kó kọ ohun tó sọ. Ohun tó kọ ni: "Ìgbaradì àìdúró jẹ́ ìgbaradì tí èèyàn máa ń ṣe láìsinmi fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán." Ó tún ti padà sọ́nà àtijọ́, lójú mi níbẹ̀.

Nígbà tí mo bi í, ó ṣe bí ẹni tí ojú ń tì. "Àǹtí, ẹni tó máa máàkì ẹ̀ mọ̀ jù mí lọ. Bí mo bá ní èyí ló dáa jù, tí òun sì gbà pé ìkejì ni ńkọ́?"

Nǹkan méjì ló wà nínú ìbẹ̀rù yẹn, ó sì yẹ kí olùkọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni pé ọmọ náà gbà pé ìdáhùn kan wà tí wọ́n fi pamọ́, pé òun ń wá ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n. Èyí rọrùn láti tú. Mo gbé ìwé ìlànà máàkì ìdánwò kan tó ti kọjá síwájú rẹ̀, ó rí i fúnra rẹ̀ pé ìhà méjèèjì ni wọ́n kọ kókó sí, àti pé èyí tí ọmọ bá yàn kò kàn wọ́n, bí ó bá ṣáà ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ìkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Nílé wọn, kì í ṣe ọmọ ló máa ń sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Bí àgbàlagbà bá bi í ní nǹkan, ohun tó mọ̀ ló máa sọ, á sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bi í. Ohun tó sì ń ṣe fún ẹni tó ń máàkì gan-an nìyẹn: ó kó ẹ̀rí sílẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó bá òun dá a.

Ìyá rẹ̀ ló bá wa tú ìkejì yìí, kò sì gbìdánwò láti bá wa tú u. Ó wá mú ọmọ lọ sílé, ó gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó má dájọ́? Bí ìwọ àti àbúrò ẹ bá jà, kí ni bàbá ẹ máa ń ṣe? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá ni àgbà òṣìkà. Á gbọ́ tìẹ, á gbọ́ tàbúrò ẹ, á wá sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ṣé ó máa ń ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti fẹ́ kọ "méjèèjì ló dára", òun fúnra rẹ̀ á fagi lé e.

Ìlànà tí a wá gbà kò ju èyí lọ: ìdájọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Kó má kọ ìtumọ̀ kankan ṣáájú rẹ̀. Ìmọ̀ tó bá lè di ìdájọ́ náà mú ló ń wọlé, èyí tí kò bá lè dì í mú, bó ti wù kó dára tó, á dúró síta. Nǹkan tó dun ọmọ náà jù nìyẹn, torí ó ti sapá púpọ̀ láti há àwọn káàdì yẹn sórí. Ohun tó kọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìyí, bí mo ṣe yí i sí Yorùbá:

"Lásìkò ìdíje, ìgbaradì asáré-sinmi wúlò fún Centre ju àìdúró lọ, nítorí pé ó jọ bí Centre ṣe ń sáré nínú eré. Pápá jẹ́ 30.5 mítà, nítorí náà ìsáré rẹ̀ kúrú, ó sì le, iṣan rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láìrí ọ́síjìn tó. Ìsinmi àárín ìsáré ń kọ́ ara rẹ̀ láti tètè mú lactic acid kúrò, kí ìsáré kọ́tà kẹrin má bàa yàtọ̀ púpọ̀ sí ti kọ́tà kìíní. Ìgbaradì àìdúró ń jẹ́ kí ọkàn máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde nínú ìlù kan, ìyẹn sì wúlò torí wákàtí kan ni eré náà. Ṣùgbọ́n ìyára kan náà lèèyàn fi ń ṣe é, kò sí ìdúró òjijì, kò sí yíyí padà, nítorí náà Centre tó bá ṣe é nìkan máa lè sáré pẹ́, kò sì ní lè gba bọ́ọ̀lù mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ìdíje bá ṣì jìnnà, tí ara eléré náà kò sì tíì le, àìdúró ni kó fi bẹ̀rẹ̀."

Ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Meje ni mo fún un, olùkọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà sì fún un ní meje. Ohun tí kò jẹ́ kó dé mẹ́sàn-án ni pé kò wọn ewu asáré-sinmi níbi tó ti yẹ: kíkankíkan rẹ̀ lè ṣe iṣan léṣe, ó sì máa ń gba kí èèyàn ní ìtara gidigidi, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe é lóun nìkan lè má lo agbára rẹ̀ tán. Ìyẹn nìkan ló kù, mi ò sì fẹ́ fi tipátipá kó o bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Kí n má bàa fi í sílẹ̀ pẹ̀lú netball tó mọ̀ nìkan, mo fún un ní ìbéèrè lórí bí oríkèé ṣe rọ̀ tó: báwo ló ṣe ṣe pàtàkì tó fún obìnrin tó ń sá 100 mítà lásán, àti fún Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó sá 100 mítà hurdles ní 12.12 ní Eugene ní 2022, tí àkọsílẹ̀ ayé sì di tirẹ̀? Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé oríkèé tó rọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn fara pa. Mo ní kó gbé gbólóhùn yẹn lọ sí orí ẹni tó ń wẹ̀, kó tún gbé e lọ sí orí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wọ gbogbo wọn láìyí nǹkan kan padà. Gbólóhùn tó bá lè wọ eré mìíràn bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ lásán ni, kò tíì di lílò, kí á tó wá sọ pé ó di ìdájọ́. Ó ronú dáadáa, ó wá kọ ọ́ pé igi mẹ́wàá ni Amusan ń fò, 83.8 sẹ̀ǹtímítà ni gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé bí oríkèé ìdí rẹ̀ kò bá rọ̀, á ní láti fò sókè jù kó tó lè kọjá, àkókò tó bá sì lò lókè afẹ́fẹ́ kò sí nínú sísá. Nítorí náà, ó ṣe pàtàkì fún un ju fún ẹni tó ń sá lásán lọ, ẹni tí agbára gbígbéra jẹ lógún jù. Àyẹ̀wò gbígbé-gbólóhùn-kiri yìí ni mo ń lò jù báyìí. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi lè ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ilé ìdánwò.

Lẹ́yìn náà ló tún ṣubú. Ìbéèrè láti inú ìwé kejì ni, èyí tó dá lórí àwùjọ àti ìlera: ipa ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí eré ìdárayá. Mẹ́rin ló gbà. Àǹfààní, àléébù, "ní ìparí, ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ire àti ibi." Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nínú ìbéèrè ìgbaradì, eléré kan wà tó ń rí lọ́kàn, ara tirẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Níhìn-ín, kò rí ẹnikẹ́ni. Ta ni ìmọ̀ ẹ̀rọ dára fún? Ìwé AQA fúnra rẹ̀ ti to wọn sílẹ̀: eléré, eré náà, adájọ́ pápá, òǹwòran, ẹni tó ń fowó ṣonígbọ̀wọ́. Mo ní kó mú ẹni méjì péré kó tó kọ ohunkóhun.

Ó mú adájọ́ pápá àti òǹwòran. Inú ilé tí wọ́n ti ń wo Arsenal ló dàgbà sí, nítorí náà ẹ̀rí kò wọ́n ọn. Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ kì í dẹ́kun láti sọ, góòlù Frank Lampard tí wọn kò kà ní Bloemfontein ní 2010 nígbà tí Ẹ́ńgílándì bá Jámánì gbá, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà. Premier League bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ìlà góòlù ní sáà 2013–14, VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún ìdájọ́ yẹ̀ wò, sì dé ní 2019–20. Ìdájọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ ya èmi gan-an lẹ́nu: ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe adájọ́ láǹfààní ju òǹwòran lọ, àti pé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù ni ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tàbí kò kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, aago ọwọ́ adájọ́ á ti sọ fún un, eré kò ní dúró, òǹwòran kò sì pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé ṣé ọwọ́ wà níbi tó yẹ kó wà nígbà tí bọ́ọ̀lù bà á, ojú èèyàn náà ló tún máa dá a lórí fídíò. Ẹ̀rọ kò mú iyèméjì kúrò níbẹ̀, ó kàn fa àkókò gùn, ẹni tó sanwó wọ pápá á sì máa dúró kó tó lè yọ̀ fún góòlù tó ti rí. Mo ka èyí létí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò gbà, pé òǹwòran tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ ló jàǹfààní jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ko ìdáhùn ọmọ kan báyìí ti gbà pé ìdájọ́ wà nínú rẹ̀.

Nínú ìdánwò gangan, 7 ni grade tó gbà, nígbà tó jẹ́ pé 5 ni wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ fún un. Mi ò ní ka gbogbo ìyẹn sí ti ìbéèrè onímáàkì mẹ́sàn-án, torí máàkì orí pápá rẹ̀ náà dára. Ohun tí mo lè tọ́ka sí ni pé ó dáhùn gbogbo ìbéèrè lórí ìwé méjèèjì tán kí aago tó lù, nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Fún olùkọ́ tó bá ní irú ọmọ yìí: ẹ má fún un ní ìwé sí i. Ẹ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó fẹnu dá a ná, kí ẹ sì dín nǹkan kù fún un títí yóò fi di dandan kó yan ọ̀kan. Ẹ fi ẹnì kan tó máa ta kò ó sítòsí, ó dára kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju olùkọ́ lọ, torí ọmọ tó bá bọ̀wọ̀ fún yín jù kò ní bá yín jiyàn dé ibi tó yẹ. Ìṣẹ́jú kan sí méjì nínú mẹ́sàn-án yẹn, kó fi ronú láìkọ nǹkan kan ju ìdájọ́ àti orúkọ ẹni tó ń dá a fún lọ. Ọmọ á máa rò pé òun ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó wo aago fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á rí i pé òun parí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ń máàkì ìwé rẹ̀ nílé, ẹ fi àwọ̀ kan fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó lè wọ eré mìíràn. Ìwé ọmọ yìí kún fún àwọ̀ náà ní oṣù kìíní.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọmọ tó wà níwájú yín. Ọmọkùnrin tó dá sí ọ̀rọ̀ wa níjọ́ yẹn kò bẹ̀rù ìdájọ́ rárá. Kí èèyàn tó ka ìbéèrè tán ló ti dá a. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé bí a bá bi í pé kí ni ọkàn ń ṣe nígbà tí èèyàn bá ń sáré láìdúró fún ogún ìṣẹ́jú, á ní, "Ó ń lù." Òun ni mo gbé àwọn káàdì ọmọbìnrin náà fún, gbogbo wọn pátá, mo sì ní kó há wọn sórí.